Níbo Lẹ Ti Kàwé?

Olùkọ́ wa ní Ifẹ̀, Ọ̀mọ̀wé Ajétúnmọbí,
kì í rẹ́rìn-ín bí kò bá tíì di ọjọ́ Ẹtì.
Ó ní: "Ẹ lọ wá àgbàlagbà kan,
ẹ bi í ní èdè Sípéènì níbi tó ti kàwé,
kí ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìlà mẹ́wàá. Ọjọ́ Ajé."

Àwọn ẹgbẹ́ mi gba yàrá ara wọn lọ,
ẹnì kan di àgbàlagbà fún ẹnì kejì,
wọ́n parọ́ yunifásítì Màdríìdì fúnra wọn,
wọ́n sì parí rẹ̀ kí ìrẹsì tó jinná.
Èmi wọ ọkọ̀ Iléṣà, ọkọ̀ tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀
ń dúró gbé èrò lábẹ́ gbogbo igi tó bá ní òjìji.

Ìyá ìyá mi wà ní ẹ̀yìnkùlé ní Ìjọ̀kà,
ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.
Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo ṣí ìwé mi:
"¿Dónde estudió usted?"
Kò wojú mi. Ó ju òkúta kan sẹ́yìn.
"Kí lo wí?"
"Mo ní, níbo lẹ ti kàwé?"
"Mo gbọ́ ìyẹn. Ti àkọ́kọ́ yẹn ni mò ń bi ọ́.
Ṣé 'ìwọ' lo pè mí níbẹ̀, àbí 'ẹ̀yin'?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá. Àwọn náà ní in.
Tú ni fún ẹgbẹ́ ẹni, usted fún àgbà."
Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó rí ẹbí tó ti sọnù.
"Áà. Wọ́n lẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ nígbà náà.
Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀gbọ́n mi lọ kọ́,
yú ni fún ọba, yú náà ni fún ajá."

Lọ́dún tí òjò ba kòkó bàbá rẹ̀ jẹ́ lórí ẹní,
owó síléètì kan ṣoṣo ló kù nílé.
Wọ́n rà á fún Ọwáṣeun, torí ọkùnrin ni.
Wọ́n gbé igbá ẹ̀kọ lé Ìbílọlá lórí,
kó máa tà á fún àwọn ọmọ iléèwé lákòókò ìsinmi.
Àmọ́ ó máa ń tètè dé.
A sọ igbá kalẹ̀ lẹ́bàá ògiri,
a dúró lórí bíríkì méjì, imú rẹ̀ á kan igi fèrèsé:
A, B, D, lára ewé ẹ̀kọ,
èékánná ni gègé.
Lọ́jọ́ tí tíṣà bèèrè mẹ́jọ lọ́nà méje,
tí kíláàsì dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bò wọ́n láṣọ,
ohùn kan ti ojú fèrèsé wọlé: mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.
Tíṣà jáde tòun ti pàṣán. Ó rí igbá.
Ó ra ẹ̀kọ mẹ́ta, kò sọ nǹkan kan.
Lọ́jọ́ kejì, bíríkì kẹta wà níbẹ̀.

"Kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí.
"Mo gbé ẹ̀kọ lọ, mo gbé ẹ̀kọ́ bọ̀."

Mo di bírò mú, ọwọ́ mi dúró.
Èdè tó mọ ẹ̀yin yàtọ̀ sí ìwọ
kò ní ohùn tí yóò fi gbé ẹ̀kọ sókè di ẹ̀kọ́.
Mo wá fèrèsé nínú ìwé atúmọ̀.
Estudié en la ventana. Ó ní kí n kà á sókè.
"Fẹ̀ǹtánà," ó tọ́ ọ wò bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò.
"Ó dún bí ohun tí wọ́n ṣí sílẹ̀."

Ọjọ́rú, ìwé padà dé: mẹ́fà nínú mẹ́wàá.
Bírò pupa yí ventana po:
Orúkọ iléèwé dà?

Mo pè é lórí fóònù, mo ròyìn.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.
"Bi òun náà léèrè níbi tó ti kàwé," ló wí.
"Kó o má sì gbàgbé usted."